Ẹni Tó Dán Fàdákà Bàbá Eléyín

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá Eléyín fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba gbogbo fàdákà rẹ̀ jẹ́, inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ fèrèsé fún oníbàárà kan, ó sì ń kọ orin kan lábẹ́ ahọ́n, nítorí pé ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ láti yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ náà á kùn yùn-ùn, á sinmi díẹ̀, á tún kùn yùn-ùn. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ọwọ́ bàbá ọmọ òun ti rí nǹkan ṣe lónìí, ara rẹ̀ á balẹ̀, bóyá á tilẹ̀ jẹun tẹ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ ná. Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ni ọkọ yìí ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè é ní Bàbá Eléyín. Àwọn dókítà eyín á fi ẹfun rọ bí ẹnu aláìsàn ṣe rí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i, òun á sì jókòó tì í bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, á mọ eyín tó bá àlàfo náà mu, á dán an, á tún un dán, títí á fi máa kọ mànà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó fi ń ṣe èyí, búrọ́ọ̀ṣì roboto kan ló ń yí fòòfò lórí rẹ̀. Ìyẹ̀fun òkúta ló máa ń pò mọ́ omi sára búrọ́ọ̀ṣì náà láti fi ha ohunkóhun tó bá rí gbágungbàgun kúrò. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti tún ẹnu gbogbo ayé ṣe tán, àlàfo ńlá ṣì wà níwájú ẹnu tirẹ̀. Á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi o. Ibẹ̀ ni mo fi ń súfèé."

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni Bàbá Eléyín ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà, nítorí ó ní ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ mú, kò sì sí ohun tó ya tí kò lè so pọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó ti dàgbà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà.

Ti fàdákà yìí wáyé báyìí. Nígbà tí Bàbá Eléyín ṣì wà ní ọ̀dọ́, atukọ̀ ojú òkun kan mú owó fàdákà àtijọ́ kan wá bá a pé kó yọ́ ọ, kó fi rọ ìkọ́ tí yóò máa di eyín òun mú. Ó ti fẹ́ jù ú síná nígbà tó rí i pé ẹranko kan ká ara rẹ̀ kò sí i lára. Ó fa awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá jáde, ó wò ó. Dírágónì ni. Ìpẹ́ ara rẹ̀ tò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti ẹja, irùngbọ̀n rẹ̀ nà bí òwú, iná sì ká bí bọ́ọ̀lù níwájú ẹnu rẹ̀. Bàbá Eléyín kò lè yọ́ ọ mọ́. Ó fi fàdákà tirẹ̀ rọ ìkọ́ náà, ó sì bẹ atukọ̀ ọ̀hún pé kó fi owó náà sílẹ̀ fún òun. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kó sọ́wọ́ owó àtijọ́ nìyẹn, tí kò sì jáde mọ́.

Owó Ṣáínà ni, ti ayé ìgbà tí ọba ńlá ṣì jókòó lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ pàápàá. Á ní, "Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé ìrọwó tirẹ̀ nígbà náà. Dírágónì ni gbogbo wọn ń yà, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, o ò ní rí méjì tó jọra. Ti Húbéì sanra lẹ́nu. Ti Síṣuánì, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín. Ti Jílíìnì, wọ́n fi ìkòkò òdòdó sí ẹ̀yìn owó náà láàárín gbùngbùn. Ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo ìyẹn. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó rò ó, ó sì fín in." Ó fi pákó kan àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ní ihò roboto-roboto, ìyàwó rẹ̀ sì bá a fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó tó bá rí níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́, ibẹ̀ ló ń tò wọ́n sí.

Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn wọn. Orogún ló ń pè wọ́n. Tí ọkọ rẹ̀ bá pẹ́ jù nínú yàrá iṣẹ́, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Orogún mi ti Jílíìnì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda ọkọ wa kó wá jẹun?" Bàbá Eléyín á rẹ́rìn-ín, afẹ́fẹ́ á súfèé jáde láàárín àlàfo eyín rẹ̀, á sì dìde.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí fàdákà yìí, gbogbo ilé ló sì mọ̀ ọ́n: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Fàdákà tó ti pẹ́ máa ń mú àwọ̀ kan wá fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ á dúdú bí ọ̀run tó ṣú òjò, inú rẹ̀ á pọ́n bí oyin, aró díẹ̀ á sì fara hàn lábẹ́ ikùn dírágónì. Lójú àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, àwọ̀ yẹn lẹwà rẹ̀, òun náà sì ni ẹ̀rí pé ayédèrú kọ́. Tí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Nígbà tí ọmọ wọn ṣì kéré, ó mú ẹyọ kan, ó gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ pẹ̀lú ọṣẹ. Ìgbà kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ lọgun mọ́ ọn láyé rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé itan, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi. Bí ìgbà tí wọ́n bó ènìyàn láwọ ni."

Ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè yìí dáadáa bíi tirẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti wa ọkọ̀ ojú irin rí, Bàbá Rélùwéè. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Àwọn méjèèjì á tẹ orí ba ara wọn lórí àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n á máa jiyàn lórí irùngbọ̀n dírágónì bí ẹni pé dírágónì náà máa ń gbé ní ojúlé kejì. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn wọn lójú pópó á rò pé ìjà ti dé.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbàgbé wọlé. Kò wọlé bí olè, bí àlejò ló wọlé, ó ń kó ẹrù rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bàbá Eléyín kọ́kọ́ ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì jọ fi rẹ́rìn-ín. Ó jáde lọ ra búrẹ́dì, àwọn ènìyàn ló mú un padà wálé. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní kò sí oògùn tó ń dá irú èyí padà, pé á kàn máa lọ sísàlẹ̀ ni, àmọ́ ọjọ́ kan lè wà tí ojú rẹ̀ á là díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn máa ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé."

Ohun tó ya Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni pé nígbà tí gbogbo nǹkan ń bọ́ lọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, fàdákà kò bọ́. Ó lè máà mọ oṣù tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n tí o bá gbé owó kan lé e ní àtẹ́lẹwọ́, á sọ ilé ìrọwó tó ti wá. Ni obìnrin tó ti ń bá orogún jà láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orúkọ wọn. Ó pe Bàbá Rélùwéè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó kọ́ òun. Lọ́sàn-án, á gbé àwo kan wá sórí tábìlì, á jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ibo ni eléyìí ti wá?"

"Ìwọ náà! O ò rí ìkòkò òdòdó ni? Jílíìnì ni."

"Eléyìí ńkọ́? Síṣuánì, àbí?"

"Ẹn-ẹ́n! Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Inú rẹ̀ á dùn, á fọwọ́ gbá a léjìká pẹ́pẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láàárín wọn nìyẹn, ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ sì ń gbà lọ bá a lójoojúmọ́.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ tí mo ń sọ. Nígbà tó ṣẹ́ etí aṣọ fèrèsé náà tán, ó dìde láti lọ pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ṣí. Bàbá Eléyín wọ aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ àtijọ́, omi ìyẹ̀fun òkúta ti ta sí i láyà. Ó ti tẹ́ tówẹ́lì sórí tábìlì, ó sì to gbogbo owó náà sórí rẹ̀ ní ìlà-ìlà, bó ṣe máa ń to eyín tó bá ti parí. Gbogbo wọn funfun, wọ́n ń dán gbinrin. Àwọn àwo pẹlẹbẹ wà nílẹ̀, òfìfo.

"Wá wò ó," ni ó wí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. "Ìdọ̀tí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Mi ò mọ ẹni tó tọ́jú wọn, kò lójú tì í. Mo ti bá wọn ṣe é."

Abẹ́rẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó mú ti Húbéì tó máa ń dúdú létí. Kò dúdú mọ́. Ìpẹ́ ara dírágónì náà ti ha tán, ó rí pẹlẹbẹ bí ẹja tí wọ́n ti họ ara rẹ̀. Irùngbọ̀n ti lọ. Ojú ti lọ. Ó wò ti Jílíìnì, ìkòkò òdòdó náà ti di àmì lásán. Ó yẹ̀ wọ́n wò láti ìlà kan dé ìlà kejì, ó ń wá bóyá ẹ̀rọ náà ṣì fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí.

"Ṣé ó dáa?" ni Bàbá Eléyín béèrè.

"Ó dáa gan-an, Bàbá."

"Kí oníbàárà wá gbé wọn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń retí."

Ó bá a nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú un wọlé, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Bàbá Eléyín jẹun tẹ́rùn lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Rélùwéè dé ní ọjọ́ Sátidé bí ìṣe rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́, ó kàn ṣí àwo kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti mú awò rẹ̀ dání. Ó wo àwo náà, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rọra dá awò náà padà sínú àpò.

"Ìyàwó, ẹ dákun, ẹ bò ó. Mi ò lè wò ó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn jókòó díẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń bá jiyàn."

"Orí kí ni a fẹ́ jiyàn lé? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́." Ó dìde, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú pẹ́, ó ní òun á padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò padà wá. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ pè é lórí fóònù, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Abẹ́rẹ́ kò bínú sí i. Òun náà ì bá sá, ká ní ibi tó lè sá sí wà.

Ó ń gbìyànjú ṣá. Ó ń gbé àwo náà wá sórí tábìlì lọ́sàn-án, ó ń béèrè pé ibo ni eléyìí ti wá. Bàbá Eléyín á yí owó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fi àtàǹpàkò pa á lára, á ní, "Bọ́tìnì aṣọ rẹ nìyí?" Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ti dí pa. Abẹ́rẹ́ kó àwọn àwo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti í.

Ìgbà tó yá, ọjọ́ tí dókítà sọ náà dé. Ní àárọ̀ kan, Abẹ́rẹ́ ń dáná nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́, kí ló ń ta sánsán báyìí?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú padà. Ọkọ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń wò ó. Kì í ṣe pé ó kọjú sí i lásán o. Ó ń wò ó.

"Ẹ mọ̀ mí?" ni ó sọ kó tó mọ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́? Tí mi ò bá mọ̀ ẹ́, ta ni kí n mọ̀?"

Ó fà á mọ́ra, ó sunkún sí i lọ́rùn. Wọ́n jókòó, wọ́n mu tíì. Ó béèrè ọmọ wọn, ó béèrè bí iṣẹ́ olùkọ́ ṣe ń lọ, ó ní ó dà bí ẹni pé òun sùn pẹ́. Abẹ́rẹ́ kò fẹ́ kí ó dákẹ́. Ó ń bu tíì kún tíì, ó ń bá a rántí ọjọ́ tí atukọ̀ ọjọ́sí gbé eyín rẹ̀ mì, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó ń wéwèé nínú ọkàn rẹ̀ pé òun á pe ọmọ náà kó wá kíá, kí òun náà rí bàbá rẹ̀.

Ni Bàbá Eléyín bá ní, "Gbé àwọn orogún rẹ wá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti rí wọn."

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

"A ti jẹun."

"Tàbí ká jáde díẹ̀, oòrùn mú dáadáa níta."

Ó wò ó. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, ó sì ti bá a gbé pẹ́. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ṣí i, ó fa àwo òkè jáde.

Kò pariwo. Ó mú ti Húbéì, ó dì í mú ní etí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kí ìka rẹ̀ má bàa kan ojú rẹ̀. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó dá a padà, ó mú òmíràn. Ó fa àwo kejì, ó fa ìkẹta. Ó wá jókòó sílẹ̀ gbàgà lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Bàbá Eléyín wo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni. Ó wo ipa búrọ́ọ̀ṣì tó yí po lára rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbójú sókè sí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà.

"Abẹ́rẹ́, ṣé èmi ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí obìnrin náà ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Rárá o. Èmi ni. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ́ ni. Mo fẹ́ fi ṣe yín ní kàyéfì."

"Irọ́ ni. O mọ̀ pé a kì í fọ̀ ọ́."

"Mo gbàgbé. Mo tan ẹ̀rọ yín, mo lo ìyẹ̀fun yín. Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo rò pé inú yín á dùn."

Ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ kò yẹ ojú. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rù tó wà lójú ọkọ rẹ̀ kúrò, ohun mìíràn sì wọlé rọ́pò rẹ̀.

"Gbogbo ọdún yìí," ni ó wí jẹ́ẹ́, "gbogbo ohun tí mo ń sọ, o ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ."

"O kórìíra wọn. Orogún lò ń pè wọ́n. O ti ṣe wọ́n bí orogún ti ń ṣe."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti àwọn àwo rẹ̀ lórí ilẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ọmọ wọn sáré dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó bá bàbá rẹ̀ tí orí rẹ̀ pé, tó pe orúkọ rẹ̀, tó sì ń sunkún. Ìgbà tí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ náà ti kú. Kò mọ ilé, kò mọ ọjọ́, kò mọ ọmọ. Abẹ́rẹ́ gbé omi ìwẹ̀ lọ bá a, ó sì ń tù ú bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Eléyín fà sẹ́yìn mọ́ ògiri.

"Má fọwọ́ kàn mí. Ìwọ lo ba fàdákà mi jẹ́."

Gbogbo nǹkan ló gbàgbé, àfi ìyẹn. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ohun tó bá fi ìbínú wọlé máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ó gbàgbé pé ó ti gbéyàwó obìnrin yìí, kò mọ̀ pé òun náà ni Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n tí ó bá ti yọjú báyìí, ó mọ̀ ọ́n. Obìnrin yẹn ló ń pè é. Ó ń fi bàtà rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí nítorí rẹ̀. Tí ó bá gbé oúnjẹ wá, á pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé jẹ.

Ọmọ wọn kò lè gbà á. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún un."

"Tó o bá sọ fún un, kí ni yóò fi ṣe?"

"Kò dáa kó máa kórìíra yín lórí ohun tí ẹ kò ṣe."

"Èmi lè gbé e. Òun kò lè gbé e."

Ọmọ kò gbọ́. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá Eléyín gbọ́. Ó ní, "Èmi? Èmi fúnra mi?" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tó ti inú jáde, ó ń fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ní láti dì í mú. Nígbà tó sunkún tán ó sùn. Nígbà tó jí, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé ṣé obìnrin tó ba fàdákà òun jẹ́ ti kúrò nílé. Òótọ́ tí wọ́n sọ fún un ti lọ, irọ́ ló jókòó. Ọmọ náà kò tún dán an wò mọ́.

Ohun tó wá burú jù ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ló ń fún un ní oúnjẹ báyìí kó tó lọ síṣẹ́ àti nígbà tó bá dé, ó sì rò pé nọ́ọ̀sì ni. Abẹ́rẹ́ á wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi mímu, á máa gbọ́ ọ.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyàwó mi ti ránṣẹ́?"

"Kò tíì ránṣẹ́, Bàbá."

"Abẹ́rẹ́ ni mò ń pè é. Sọ fún un kó tètè máa bọ̀. Sọ fún un pé obìnrin kan ti wọlé wa, ó ń ba nǹkan jẹ́. Tí Abẹ́rẹ́ bá dé, kíá ni yóò lé e jáde. O ò mọ̀ ọ́n. Kì í gba gbẹ̀rẹ́."

Ní ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ ní òun á gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó ṣí àpótí, ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó rán fún ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, ó tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè gbà á, ó wọ̀ ọ́. Ó pa irun rẹ̀ mọ́, ó sì kun ètè. Ó wọ yàrá náà, ó dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀.

"Bàbá, èmi nìyí o. Abẹ́rẹ́ ni. Mo ti dé."

Bàbá Eléyín gbójú sókè. Ó wo aṣọ náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, Abẹ́rẹ́ rò pé ó ti bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe ìwọ. Abẹ́rẹ́ kò darúgbó báyìí." Ohùn rẹ̀ ń ga sókè. "O ba fàdákà mi jẹ́, kò tó ẹ, o tún jí aṣọ ìyàwó mi wọ̀. Kí lo fi í ṣe? Kí lo fi ìyàwó mi ṣe?"

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kò fẹ́ jẹun mọ́ ní ilé tí obìnrin yẹn wà. Ilé náà mọ́, ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wàrà, bẹ́ńṣì gígùn kan sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni Abẹ́rẹ́ ń jókòó sí. Ó máa ń rán nǹkan jẹ́jẹ́ níbẹ̀, á tún kọ́là ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ ṣe, á fi bọ́tìnì tó bọ́ padà, á sì fi í rán ọmọ rẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn náà ní gíláàsì kékeré kan lókè. Tí ọkọ rẹ̀ bá ti sùn, á dìde, á wò ó láti ibẹ̀. Tí ó bá ti jí, á jókòó padà.

Ní ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, nọ́ọ̀sì jáde wá, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ ti mọ̀ pé ọkọ òun ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi iṣẹ́. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ tó ń rán sórí bẹ́ńṣì, ó wọlé. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó sì mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò fà á padà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà jẹ́ ẹni tuntun níbẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo máa ń rí yín níta lójoojúmọ́. Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ̀yin ni Abẹ́rẹ́?" Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ bo ẹnu. "Háà, Màmá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí. Àárọ̀ yìí gan-an, wọ́n ṣì ń béèrè yín."

"Mo mọ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Mo gbọ́."